Àbọ̀ ìbéèrè mi nípa Forensics: ìdíje ti parí

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo béèrè nígbà yẹn bí mo ṣe lè ran ọmọ mi àti ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ fún Forensics, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀rí wò láti mọ ẹni tó jẹ̀bi ọ̀ràn kan, ní Science Olympiad, ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ìwé níbí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mọ̀wé, ṣùgbọ́n 50 ìṣẹ́jú tí wọ́n ń fún wọn kì í tó wọn. Wọ́n ti ṣe é, ipò kẹta ni wọ́n gbà ní agbègbè wa. Inú mi dùn dọ́ba!

Ìmọ̀ràn tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé kí n máa bu ìyẹ̀fun funfun oríṣiríṣi sínú ife láìkọ orúkọ sí i. Bí wọ́n bá kán áyódíìn sí i tó dú bí aró, sítáàṣì àgbàdo ni. Bí ásíìdì bá mú un hó yààà, ìdílé kábọ́néètì ni. Ẹ wá bu omi sí díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà tí ásíìdì kò tíì kàn: baking soda á yòrò, calcium carbonate kò ní yòrò. Ọ̀kan ń dán an wò, èkejì ń kọ ọ́ sílẹ̀, gọ́gù ò sì kúrò lójú wọn.

Ẹ má fi àlàyé ẹni tó jẹ̀bi sí ìparí o! Máàkì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tiwa ń kọ ọ́ bí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni.

Ìyá tó béèrè bí a ṣe ń dá oríṣi pílásítíìkì mọ̀ yàtọ̀ síra: èyí tí wọ́n ń pè ní HDPE máa ń léfòó lórí omi lásán, PVC máa ń rì. Polystyrene á rì nínú omi lásán, àmọ́ á léfòó nínú omi iyọ̀ tó ki dáadáa.

Ìbéèrè tèmi ti parí. Ẹ ṣé gan-an ni.