Báwo ni mo ṣe lè ṣí ẹ̀yìn aago wúrà bàbá wa láìbà á jẹ́?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ilé o. Aago ọwọ́ bàbá wa tó ti dolóògbé ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n rà á ní 1974. Tí mo bá yí orí rẹ̀, á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì dákẹ́. Mo fẹ́ wo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́, n ò rí ibi tí wọ́n ń gbà ṣí i. Àbúrò mi ní kí n ti ọ̀bẹ ìdáná bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á.

Bọ̀dá Ìjerò: Ọ̀bẹ ìdáná kẹ̀! Mo ti dán an wò rí. Ọ̀bẹ yọ̀, ó fa ilà láti etí dé àárín, ó tún gé mi ní àtàǹpàkò. Ìyàwó mi ní títì ni mo là sórí wúrà.

Aláago Adó: Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Wúrà rọ̀, irin ọ̀bẹ le jù ú lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án láti òkè. Kí ẹ wá fi èékánná tọ etí ìdérí náà yí po, díẹ̀díẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́ ètè kékeré kan, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ó sábà máa ń wà nítòsí ibi tí awọ ti so mọ́ aago. Ìdọ̀tí àti òógùn lè ti dí i, ẹ fi igi ìtayín há a kúrò. Tó bá jẹ́ pé ojú gígé kéékèèké ló yí etí rẹ̀ ká, lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ irú ìyẹn, ẹ má yọ ọ́ sókè. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀yìn wọn kì í ṣí rárá, ojú gíláàsì ni wọ́n ń gbà yọ inú wọn. Àwọn yẹn làwọn èèyàn ń bà jẹ́ jù.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé: Ṣé wúrà gidi ni ṣá? Tèmi, "20 microns" ni wọ́n kọ sí i, wúrà fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bò ó ni. Ẹ wò ó bóyá 750 tàbí 585, tó jẹ́ àmì wúrà gidi, wà lára rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: 750 ni mà. Mo sì ti rí ètè náà! Ṣé kí n ti bíléèdì bọ̀ ọ́?

Aláago Adó: Rárá o, bíléèdì á ṣẹ́. Ọ̀bẹ kékeré aláago ni, ẹ yá a lọ́wọ́ aláago tó bá wà nítòsí yín. Ẹ lẹ sẹ́lóteèpù mọ́ ara aago yí ká kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnu ọ̀bẹ bá ti wọlé, ẹ rọra yí i lọ́wọ́, ẹ má tì í síwájú. Ẹ máa gbọ́ "tá". Ẹ má fẹnu fẹ́ inú rẹ̀ o, itọ́ ń mú un dípata. Ẹ má sì fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ tó ń mì síwá sẹ́yìn yẹn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ó dún "tá" lóòótọ́! Ẹnì kan fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ "3/81" sínú ìdérí náà, wínníwínní.

Aláago Adó: Aláago tó tún un ṣe ní oṣù kẹta 1981 ló kọ ọ́. Ṣé òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Kò sí.

Aláago Adó: Á jẹ́ pé epo inú rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Ẹ dé e padà, kí ibi tí wọ́n gé lára ìdérí bọ́ sí ọ̀gangan orí aago tí ẹ máa ń yí. Fífọ̀ ló kù.