Oòrùn ló bó ajá mi lẹ́sẹ̀ lórí òkè Adó-Àwáyè, kì í ṣe òjò

Òjò ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rù bí a bá fẹ́ gun òkè nínú oṣù Keje. Èmi náà, òjò ni mo gbára dì fún. Mo mú agbòjò, mo mú ẹ̀wù òjò, mo fi ọ̀rá wé fóònù. Ohun tó wá ṣe Tanmọ̀la, ajá mi, kò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi, ó sì ń dùn mí dòní.

Ọ̀yọ́ là ń gbé. Mọ́tò àbúrò mi ọkùnrin la gbé gba Ìsẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè, torí mi ò rí onítakisí tó gbà láti gbé ajá. Òjò ń sẹ̀ wínníwínní nígbà tí a dé ìdí òkè, kùrukùru sì bo orí rẹ̀ pátápátá. Bàbá tó mú wa gòkè ní ká rọra, pé àtẹ̀gùn 369 ló wà níwájú wa, omi sì ti mú kí wọ́n máa yọ̀. Tanmọ̀la ò ka àtẹ̀gùn sí. Á sáré lọ síwájú, á wẹ̀yìn wò wá, á tún sáré padà wá gbọn omi ara rẹ̀ sí wa lára.

Nígbà tí a fi dé ibi adágún Ìyàkẹ́, òjò ti dá, oòrùn sì ti yọ ganrínganrín, irú èyí tó máa ń tẹ̀lé òjò yẹn. Òkúta tó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láàárọ̀ gbóná bí agbada. A jókòó lábẹ́ igi, à ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, Bàbá ń sọ fún wa nípa ìgbà tí ìlú wọn ṣì wà lórí òkè níbẹ̀. Odidi wákàtí kan àtààbọ̀ ni ajá mi fi ń rìn kiri lórí òkúta yẹn. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ tèmi.

Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. "Àǹtí, ẹ wo ajá yín, ó ń tiro."

Mo pè é, ó wá jókòó tì mí, ó ń lá ẹsẹ̀ iwájú. Mo gbé ẹsẹ̀ náà wò. Ibi dúdú tó máa ń le bíi rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀ ajá ti bó, awọ rẹ̀ ń fì bí èèpo àlùbọ́sà, ẹran pupa hàn nísàlẹ̀. Kò ké. Ó ń wojú mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu àti ahọ́n ló fi ń lé ooru jáde, bẹ́ẹ̀ omi tí mo gbé wá fún un ti tán tipẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí òjò tún fi ṣú. Ẹ̀fúùfù gbé ọ̀rá búrẹ́dì wa lọ, àrá sán. Orí àpáta gbalasa kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró de mànàmáná, ajá ò sì lè tẹlẹ̀. Mo tú àǹkárá tí mo fi bora nítorí òtútù àárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sẹ́yìn."

Wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n gbé e lé mi lẹ́yìn, wọ́n fa aṣọ náà le, mo sì pọ̀n ọ́n. Àbúrò mi wà níwájú kí n lè di èjìká rẹ̀ mú, níbi tó bá sì ti ń yọ̀ jù, ìdí ni mo fi ń sọ̀. Mo ń gbọ́ bí àyà Tanmọ̀la ṣe ń lù kì kì kì sí mi lẹ́yìn títí a fi dé ilẹ̀.

Dókítà ẹran fọ ojú egbò náà, ó fi ìpara sí i, ó fi báńdéèjì wé e. Ó ní kí n máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òkúta kí ajá tó rìn lórí rẹ̀: bí n ò bá lè gbé ọwọ́ síbẹ̀ kí n ka ení dé èje, ajá ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. A tún fẹ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìsẹ́yìn la máa sùn mọ́jú, kí a lè gòkè ní ìdájí, kí a sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú.