Ẹ̀yin tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ẹ wọlé síbí

Ẹ̀yin ará, ìtàn ìyà kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ti ìdí iṣẹ́ mìíràn wá. Iṣẹ́ tó ṣeé kà ni, àti ẹnì kan nínú ọgbà yunifásítì tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Jane Goodall, obìnrin tí ìwádìí ìnàkí sọ di olókìkí, ò ní oyè àkọ́kọ́ rárá nígbà tí Cambridge gbà á fún oyè ọ̀mọ̀wé ní 1962. Iṣẹ́ akọ̀wé ló kọ́. Àmọ́ láti 1960 ló ti wà nínú igbó Gombe ní Tanzania, tó ń wo ìnàkí bó ṣe ń ti koríko bọ ihò ọ̀gán láti fi yọ ikán jẹ. Louis Leakey, onímọ̀ nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ èèyàn, ló sì bá a ṣe alágbàwí.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ sí olùkọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó bójú tó ìwádìí yín, kó má kọjá ojú ewé kan. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ sọ ibi tí ìbéèrè tiyín ti yọ níbẹ̀. Ẹ fi nǹkan kan tẹ́ ẹ ti kọ mọ́ ọn. Lẹ́tà kan náà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ti òkè yìí ti sọ̀rọ̀. Tèmi ni ti ìwé ẹ̀rí, ìyẹn lẹ́tà tí ọ̀gá yín máa fi jẹ́rìí yín. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ á kọ pé ẹ kì í pẹ́ dé, pé ẹ ṣeé fọkàn tán. Òfo ni lójú àwọn tó ń gbani wọlé. Ẹ fún un ní ìwé tó to iṣẹ́ mẹ́ta pàtó tẹ́ ẹ ṣe, ìṣòro tó wà níbẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe yanjú rẹ̀. Á rí nǹkan gidi kọ.

Ẹni tó bá ti ní àpilẹ̀kọ tó jáde, kó béèrè oyè ọ̀mọ̀wé alátẹ̀jáde (PhD by publication), tí wọ́n ń fi àpilẹ̀kọ tó ti jáde gbà. Ẹ ó kó wọn jọ, ẹ ó kọ orí gígùn kan tó so wọ́n pọ̀, ẹ ó sì tún dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ò gbà ju òṣìṣẹ́ wọn tàbí ẹni tó kàwé jáde lọ́dọ̀ wọn, torí náà ẹ ka òfin kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Àpilẹ̀kọ àjọkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: wọ́n á ní kí àwọn tẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ fọwọ́ sí ìwé tó sọ ìpín tiyín. Ọjọ́ tí àpilẹ̀kọ náà bá jáde ni kẹ́ ẹ ti gba ìwé yẹn. Tó bá pẹ́, ẹnì kan á ti fẹ̀yìn tì, ímeèlì ẹlòmíràn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ má sì fi àlàfo, ìyẹn ọdún tẹ́ ẹ ò fi sí nídìí ìwádìí, pa mọ́ nínú CV. Yitang Zhang, onímọ̀ ìṣirò, gba PhD ní Purdue ní 1991, kò ríṣẹ́ olùkọ́, ó ń ṣèṣirò owó, ó ṣiṣẹ́ ní Subway, ilé oúnjẹ. 1999 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì New Hampshire, 2013 ni òkìkí rẹ̀ kàn, lórí iṣẹ́ tó ṣe nípa àlàfo (àlàfo náà ni o!) àárín àwọn prime number, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in géérégé. Ìlà kan ti tó fún àlàfo tiyín nínú CV. Tí wọ́n bá bi yín nípa rẹ̀, ẹ fi gbólóhùn méjì dáhùn, kẹ́ ẹ padà sórí ìwádìí yín.