Àtẹ ìpele ni histogram, kì í ṣe àwòrán ọ̀pá

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ ìṣirò àti ti kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí fún histogram, ìyẹn àwòrán tó ń fi ọ̀pá hàn bí iye ohun tó bọ́ sínú ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó: àwọn kan ní àwòrán ọ̀pá, àwọn kan ní àtẹ ìsọ̀rí. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ètò kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi èdè Python kọ, tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ló sì là mí lójú.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ mọ bí máàkì kíláàsì kan ṣe pín. Ó dá orúkọ mẹ́wàá sílẹ̀, iye0 títí dé iye9, ó wá fi if àti elif tò wọ́n tẹ̀léra: bí máàkì bá wà láàárín 0 sí 9, fi ọ̀kan kún iye0, bí ó bá jẹ́ 10 sí 19, fi ọ̀kan kún iye1, títí dé òpin. Ètò náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá wù ú láti pín máàkì ní márùn-ún-márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni yóò tún kọ. Bí ó bá kó iye wọ̀nyẹn sínú àtòjọ kan ṣoṣo, èyí ti tó:

iye = [0] * 10
for m in maaki:
    iye[min(m // 10, 9)] += 1
for i in range(10):
    print(i * 10, "*" * iye[i])

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. m // 10 ń fi mẹ́wàá pín máàkì, ó sì ń da ìyókù nù: 47 di 4, 40 náà di 4. Ẹni tó gba 100 ló lè da ètò rú, torí 10 ni tirẹ̀ yóò dà, bẹ́ẹ̀ òdo ni Python ti ń ka ààyè, àtòjọ wa kò sì kọjá ààyè 9. min, tó ń mú èyí tó kéré nínú iye méjì, ló mú ẹni náà wọ ìpele tó gbẹ̀yìn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ìpele ni. Nínú gírámà, ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ìsọ̀rí. Èyí tó bá wù wá la lè kọ́kọ́ tò sórí àtẹ. Ta ni yóò to 60 sí 69 ṣáájú 20 sí 29? Ibi tí ìpele kan parí sí ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀pá histogram fi ń fara kan ara wọn. Nígbà tí Karl Pearson, onímọ̀ ìṣirò, gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ní 1895, àlàyé rẹ̀ ni pé títóbi ojú ọ̀pá, kì í ṣe gíga rẹ̀ nìkan, ló ń fi iye hàn.

Ẹ mú máàkì ilé ẹ̀kọ́ girama wa. F9 gba 0 dé 39, C4 gba 60 dé 64: ogójì máàkì nínú ọ̀kan, márùn-ún péré nínú ìkejì. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 20 wà ní F9, tí 10 wà ní C4. Bí a bá fi iye nìkan ya ọ̀pá, ti F9 yóò ga ní ìlọ́po méjì. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì ló bọ́ sórí máàkì kọ̀ọ̀kan ní C4, nígbà tó jẹ́ pé ní F9, máàkì méjì ló ń pín akẹ́kọ̀ọ́ kan. Orúkọ náà “àwòrán ọ̀pá” kò ní rán ẹnikẹ́ni létí láti wọn fífẹ̀ ìdí ọ̀pá.

Ní ti loop, ìyẹn àṣẹ bíi for tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣe ohun kan léraléra, “àtúnṣe” tí àwọn kan dábàá kò bá a mu. Àtúnṣe ni ohun tí à ń ṣe sí ètò tí kò dára. Àṣetúnṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ká má sì ka for sí “fún”. “Fún m nínú maaki” kì í ṣe Yorùbá. “Mú máàkì kọ̀ọ̀kan” là ń wí.

Bí ó bá jẹ́ iye lẹ́tà inú ìwé la fẹ́ kà, ìsọ̀rí dé nìyẹn, dict tàbí Counter inú collections, irinṣẹ́ Python tó ń ka iye ìgbà tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, ló sì yẹ. Ààyè ni àtòjọ fi ń pe ohun inú rẹ̀, orúkọ ni dict fi ń pè é. Nítorí náà mo dábàá àkójọ olórúkọ fún dict, dípò ìwé atúmọ̀, torí dict kò túmọ̀ ohunkóhun. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀ o: Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kò ní àmì kan ṣoṣo fún un, Counter yóò ka lẹ́tà lọ́tọ̀, yóò ka àmì ohùn lọ́tọ̀, gb náà yóò sì di g àti b. A ní láti kọ́kọ́ pín ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà Yorùbá ká tó kó o fún Counter.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju àtẹ ìpele lọ, kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi F9 àti C4 dán an wò.