Áàpù tí ẹgbẹ́ wa á fi máa kọrin pọ̀ kí Ojúde Ọba tó dé: ohùn ń pẹ́ dé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń sọnù

Akọ̀wé_Ìtòrò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ọjọ́ orí kan náà, ti mú orin tuntun fún Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Aṣọ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tá a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò pọ̀. Àwọn kan wà l'Ékòó, àwọn kan wà n'Íbàdàn, Àǹtí tó ń lé orin fún wa sì wà ní London. Torí pé mo mọ kóòdù kọ, èmi ni wọ́n di ẹrù náà rù: kí n ṣe áàpù tí a ó fi máa dánra wò lórí fóònù.

Áàpù náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ wọ yàrá, ẹ máa kọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wa wọlé, rúdurùdu ni. Àǹtí lé orin, ará Èkó gbè é, àwa náà gbè é tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ègbè fi máa dé etí Àǹtí, wọ́n ti wà nínú ẹsẹ̀ kejì. Èyí tó dùn mí jù ni ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lù ú jókòó síwájú mi gan-an, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó wà lórí fóònù sì ní àwọn ò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kankan. Ṣé server tó yára, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohùn láti fóònù kan sí èkejì, ni kí n rà ni? Owó ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ ná o, wọ́n á bi mí.

Ọmọ_Ṣàgámù:
Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló rọrùn. Ètò tí wọ́n ṣe fún ìpè máa ń ka ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu sí ariwo, á sì gbé e mì. Lójú tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti fáànù, bákan náà ni. Tó bá jẹ́ orí búráúsà lẹ kọ ọ́ sí, ẹ lọ síbi getUserMedia, níbi tí áàpù ti ń gba ohùn máìkì, ẹ fi echoCancellation (tó ń pa gbohùngbohùn), noiseSuppression (tó ń pa ariwo) àti autoGainControl (tó ń gbé ohùn sókè sílẹ̀ fúnra rẹ̀) sí false, ìyẹn ni pé kí ẹ pa wọ́n. Kí oníkálukú wá lo iá-písì oníwáyà, torí ohùn tó bá ń jáde síta á tún padà wọlé. Kó má jẹ́ Bluetooth o! Bluetooth nìkan lè fi ohun tó ju mílísẹ́kọ́ǹdù 100 kún bí ohùn ṣe ń pẹ́ (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdù ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan).

Ẹ má ra server kankan. Nínú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ohùn ń sáré tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìjẹ̀bú sí London tó 5,000 kìlómítà lọ́nà tààrà. Mílísẹ́kọ́ǹdù 25 ti lọ nìyẹn, fóònù ò tíì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ègbè ò sì tíì padà. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti ń kọjá bíi 30, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, torí oníkálukú á máa dúró de ẹnì kejì. Kí ẹ lè mọ bí 30 ṣe tó: ẹni tó fi mítà 10 jìnnà sí onílù, bíi 29 ló fi ń pẹ́ gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà ẹ̀yìn kì í fi í bá ti iwájú dọ́gba tí ẹgbẹ́ bá ń jó bọ̀.

Àwọn áàpù ìkọrin-pọ̀ wà nílẹ̀: JackTrip tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Stanford àti Jamulus dára fún àwọn tí kò jìnnà síra wọn. Ninjam ní tirẹ̀, láti 2005, kò bá ìpẹ́ yẹn jà: ó ń mú kí ohùn pẹ́ tó odindi ìyípo ìlù kan, kí ẹ lè máa lu tiyín lórí ohun tí ẹnì kejì lù ní ìyípo tó kọjá.

Alágídìgbo_Ìjẹ̀bú-Igbó:
Akọ̀wé, ọmọ mi, má gba ti ìyípo yẹn fún orin lílé. Ó lè gbe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ń tún lù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lé bá dárúkọ ènìyàn, lójú ẹsẹ̀ ni dùndún máa kì í. Kí ló fẹ́ kí dùndún kì, ti ìgbà tó kọjá? Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ ìlú wa níbí, jókòó ni wọ́n fi ń kọrin, tí onílù àti elégbè yí wọn ká. Ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Agogo ni kó o kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Lu kónkóló, ìró méje nínú àyè méjìlá, kí ẹni tó wà lókèèrè máa kọ tirẹ̀ lé e lórí nígbà tó bá ráyè. Àwọn áàpù ìlù tí àwọn ọmọ ń fi hàn mí, àpótí 16 ni wọ́n máa ń gbé síwájú ènìyàn. Kónkóló ò gba ibẹ̀. Má ṣe tìrẹ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òkè-Ajé:
Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì tóbi, àwa tá à ń lo awò pọ̀ nínú ẹgbẹ́. Dátà ńkọ́? Ta ló sì máa lè gbọ́ orin yẹn? Tí ẹgbẹ́ mìíràn bá gbọ́ ọ kí ọjọ́ tó pé, ẹ máa rí ìjà.

Akọ̀wé_Ìtòrò:
Mo dúpẹ́ o. Server ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Agogo á wà nísàlẹ̀, àyè 12. Àǹtí á lé tiwọn sórí rẹ̀, elégbè á tẹ̀ lé e, oníkálukú ní àkókò tirẹ̀. Dùndún àwa tá a wà nílé ló ni ín, a ó máa pàdé lù ú nínú ọgbà kan náà.

Ìyá Ìbejì, Opus, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún ohùn pọ̀ kó má jẹ dátà, ni mo ń lò, irú èyí tí WhatsApp fi ń gba ohùn. Ní 64 kbps, kò tó ìdajì MB fún ìṣẹ́jú kan. Mo ti yọ bọ́tìnnì tí ènìyàn fi lè pín in síta. Inú áàpù nìkan ni orin á ti máa dún títí di ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù kejì gbà á sílẹ̀, àpérò ẹgbẹ́ ló máa dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe kóòdù.

Bàbá Alágídìgbo, ṣé ẹ lè bá wa lu agogo yẹn? Mo lè gbé ẹ̀rọ wá bá yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ẹlẹ́rọ̀ ìlọta bá ti pa á.