Òkè tó yàtọ̀ sí Olúmọ: ibo ni ará Èkó lè lọ láàárín ọjọ́ méjì?

Ará Sùúrùlérè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Àwa mẹ́fà la fẹ́ kúrò nínú ariwo Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ìparí oṣù kẹwàá tàbí inú oṣù kọkànlá, ká gun òkè, ká sì padà sílé lọ́jọ́ kejì. A ò fẹ́ Olúmọ, gbogbo wa la ti débẹ̀. Màmá wa wà lára wa, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ ibẹ̀ lásán. Ẹ sọ bí a ó ṣe débẹ̀ àti ohun tí a ó mú dání.

Atọ́nà Yábà:
Adó-Àwáyè ni kí ẹ lọ, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orí òkè yẹn ni adágún Ìyákẹ́ wà, omi tó dúró sínú àpáta lókè pátápátá. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ará Èkó ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Reluwé ni kí ẹ wọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágómejì, tàbí ní Agége bó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì sọ̀ ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Kò ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, torí wọ́n á yẹ ẹrù yín wò, reluwé kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni bíi dánfó. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé Mọ́níyà gan-an ni ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní wọ ìgboro Ìbàdàn rárá. Bíi kìlómítà 65 ni dé Ìsẹ́yìn, bíi 20 mìíràn sì ni dé Adó. Níwọ̀n bí ẹ ti pọ̀, ẹ háyà ọkọ̀ kan ní Mọ́níyà fún àlọ àtàbọ̀. Ẹ san ìdajì owó, kí ìdajì wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi padà dé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á dé lọ́sàn-án, á sì gùn ún lọ́sàn-án náà. Àpáta máa ń gba oòrùn sára. Tó bá ti di aago mọ́kànlá, ooru ń bọ̀ láti òkè, ooru ń bọ̀ láti ilẹ̀. Ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ wà nídìí òkè ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. (Ìlú aṣọ òkè ni Ìsẹ́yìn, bí ẹ bá tètè dé lọ́jọ́ kìíní, ẹ yà wo àwọn ahunṣọ.) Àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ sára òkè lé ní 350. Lẹ́yìn rẹ̀, orí àpáta lásán lẹ ó máa rìn, kò sí ohun ìdìmú. Ibi tó bá dúdú lára àpáta, ibi tí omi òjò ti máa ń ṣàn ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́: ìrì àárọ̀ lásán ti tó láti sọ ọ́ di ọṣẹ.

Ẹ mú ọmọ ìlú kan tí yóò ṣáájú yín. Bí ẹ ò bá mú un, ẹ lè rí Ìyákẹ́, àmọ́ ẹ ó kọjá Ìṣàgẹ, àpáta tó nàró lórí àpáta, láìmọ̀. Òun náà ni yóò mú yín gba Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run, ọ̀nà tóóró tí kò gba eré. Ẹ má wẹ̀ nínú Ìyákẹ́ o. Ibi ọ̀wọ̀ ni lójú àwọn ará ìlú.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú:
Ọ̀rọ̀ orúnkún ni tèmi. Gígòkè ń gba èémí, sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún. Bí ẹ bá ń sọ̀, iṣan itan ń nà, ó sì tún ń fa ara dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìwúwo yín á wá máa já lé orúnkún kan ṣoṣo ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n bí èèyàn bá ti délẹ̀, tí itan sì ń ro ó lọ́jọ́ kejì. Ìṣísẹ̀ kékeré ni kí ẹ máa gbé, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ níbi tó bá dagun.

Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ wa ò mọ òkè. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ máa gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó bá wà ládùúgbò yín fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Bàtà kánfáàsì tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sìlípáàsì, kì í sì í ṣe bàtà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀. Kí ẹ tó máa sọ̀, ẹ tún okùn bàtà so kó le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka ẹsẹ̀ á máa gbá iwájú bàtà títí èékánná á fi dúdú. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, inú àpò ẹ̀yìn ni kó wà kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Ẹ fi ẹ̀pà oníyọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un. Ọ̀rá omi, ẹ kó o wálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Màmá ò gbọdọ̀ gun Adó o. Bí orúnkún bá kọṣẹ́ lágbedeméjì, kò sí mọ́tò tó ń débẹ̀, ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n á fi gbé wọn sọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ẹ mú Màmá lọ sí Láyípo, lórí Òkè Ààrẹ n'Íbàdàn, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn láyé àtijọ́. Mọ́tò ń gun òkè náà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ńṣe ló ń yí po, yíyípo yẹn kò sì dára fún orúnkún. Bí wọn ò bá tiẹ̀ wọ inú rẹ̀, láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ wọ́n á rí òrùlé páànù Ìbàdàn lọ súà.

Ẹnìkan á dárúkọ Ìdànrè fún yín. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dára tó o: àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ibi ìsinmi lójú ọ̀nà, ìlú àtijọ́ lókè pẹ̀lú ààfin àti ilé ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó sí Àkúrẹ́ nìkan tó nǹkan bí kìlómítà 300, Ìdànrè ṣì tún kù níwájú. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un.

Àkókò tí ẹ mú dára. Òjò ti ń lọ, ewé ṣì tutù, ọyẹ́ ò tíì dé. Bí ẹ bá jẹ́ kó di oṣù kejìlá, eruku ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run, ẹ ó gun òkè tán, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ààrá ṣì lè sán lọ́sàn-án. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ máa sọ̀, ẹ má sì dúró sábẹ́ igi lórí àpáta.

Ará Sùúrùlérè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹnì kan á dúró ti Màmá n'Íbàdàn nìyẹn. Aago mélòó ló yẹ ká kúrò l'Ádó ká má bàa pàdánù reluwé?

Atọ́nà Yábà:
Reluwé ọjọ́rọ̀ ni kí ẹ ra, kí ẹ sì wo aago rẹ̀ lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ kúrò nídìí òkè ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó pẹ́ tán mọ́kànlá. Ẹ ka wákàtí méjì fún ọ̀nà, kí ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún táyà tó bá jò. Kí Màmá àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn ti máa dúró dè yín ní Mọ́níyà, kí ẹ má sọ pé ẹ ó wọ ìgboro lọ gbé wọn.