Ṣé àìtó vitamin D ló ń di imú mi?

Àdùkẹ́ Salford
Ẹ kú ilé o. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí imú mi ti dí. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun ṣàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ṣí irú tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, mo gbé e sún mọ́ imú, n kò gbóòórùn kankan! Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, vitamin D mi jẹ́ 17 nmol/L (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á nínú ẹ̀jẹ̀). Ọ̀rẹ́ mi ní àìtó rẹ̀ ló fa sinus, ìyẹn wíwú ihò inú egungun ojú tó yí imú ká, kí n máa lo oògùn vitamin D 10,000 IU (ìwọ̀n oògùn náà) lójúmọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Bísí
Pẹ̀lẹ́, Àdùkẹ́. 17 kéré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ohun tí kò bá tó 25 ni wọ́n ń pè ní àìtó. Láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kẹta, oòrùn ibí kò lágbára tí ara fi lè ṣe vitamin D, awọ dúdú tiwa sì ń fẹ́ oòrùn pẹ́ ju ti òyìnbó lọ.

Ní ti imú, àwọn oníwádìí ti rí i léraléra pé vitamin D máa ń kéré lára àwọn tí sinus ti di bárakú fún, pàápàá àwọn tí ẹran hù sínú imú wọn. Àmọ́ pé a rí méjèèjì pọ̀ kò ní kí ọ̀kan jẹ́ ìyá èkejì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ṣebí inú ilé ló ń jókòó sí, oòrùn kò rí i.

10,000 yẹn, jọ̀ọ́, má dán an wò. Bí kì í bá ṣe dókítà ló kọ ọ́, àgbàlagbà kì í kọjá 4,000 IU lójúmọ́. Àpọ̀jù rẹ̀ ń mú kálísíọ́ọ̀mù kún ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Ẹ jẹ ẹja Titus, ẹ fi oògùn sílẹ̀!

Nọ́ọ̀sì Bísí
Bàbá, ẹja Titus ní in lóòótọ́, pupa ẹyin náà ní díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja nìkan kò lè gbé ẹni tó wà ní 17 dìde. Àdùkẹ́, oògùn tí wọ́n ń fín sí imú ńkọ́?

Àdùkẹ́ Salford
Mò ń fín in mà, ọ̀fun ló ń bọ́ sí, ó sì korò.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Tẹrí ba díẹ̀, kọ ẹnu rẹ̀ sí apá etí, kì í ṣe sí egungun àárín imú. Má fà á símú tagbáratagbára. Kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ fọ imú ná, omi tó ti hó tó sì ti tutù ni o, má bu ti ẹ̀rọ. Oògùn fífín náà ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ihò méjèèjì ló dí àbí ẹyọ kan? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Àdùkẹ́ Salford
Méjèèjì ni, kò sẹ́jẹ̀. Ẹ ṣé mà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá gba ti vitamin.